Kẹ̀kẹ́ Inú Ilé: Lẹ́tà sí Àjọkẹ́

Olódì-Àpápá,
Èkó.

Àjọkẹ́ mi,

Àwòrán kẹ̀kẹ́ ìdárayá inú ilé mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá rẹ náà ti pè mí, ó ní kí n bá ọ wí, kí o má lọ kó owó lé irin tí aṣọ yóò máa gbẹ lórí rẹ̀ bó bá di oṣù kejì. N kò ní bá ọ wí. Ẹni tí dókítà ti kì nílọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún ń jókòó ti ìwé ẹrù láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gbẹ́rù jáde ní wọ́ọ̀fù, ó yẹ kó wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ mi kò ju ti èyí tí wàá rà lọ, torí pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó wù ọ́ jù gan-an ni mi ò fẹ́ kí o rà.

Àwọn kan á bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò kúkú máa sáré ní ìdájí. Irú wọn kì í gbé Olódì. Bí o bá jáde sí Kirikiri Road láago márùn-ún, àárín tánkà tó ń lọ gbé epo lo máa sáré sí. Bí o bá gba Málù Road, tírélà ni. Ní Boundary, dáńfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń du èrò mọ́ra wọn lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí òjò bá wá rọ̀ mọ́jú ńkọ́? Omi á ti bo títì, o ò ní mọ ibi tí gọ́tà wà mọ́. Pápá Maracana wà lóòótọ́. Ibẹ̀ ni Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré kó tó dé Manchester United ní 2020, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kò ráyè ìyá ọlọ́mọ tó fẹ́ rìn kánmọ́kánmọ́. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún, ó ti pé. Àkókò yẹn kò pọ̀. Ibi tí èèyàn ó ti lò ó láìsí pé ọkọ̀ gbá a ló ṣòro ládùúgbò wa. Nítorí náà, mo bá ọ fọwọ́ sí kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ inú ilé kì í ṣe ohun tuntun rárá. Lọ́dún 1796, òyìnbó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Francis Lowndes, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tó pè ní Gymnasticon, tí èèyàn ń fọwọ́ fẹsẹ̀ yí lójú kan. Ọkọ̀ òkun Titanic tó rì ní 1912 ní kẹ̀kẹ́ irú èyí nínú yàrá ìdárayá rẹ̀. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣiṣẹ́ létí òkun kò lè ṣàì mẹ́nu ba ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni kí o lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn ló ń yí kẹ̀kẹ́ yìí láti ayébáyé. Kò yẹ kó di ohun tí yóò máa dúró de iná.

Èyí tó wù ọ́ yẹn, tó ní ojú gbàǹgbà bíi tẹlifíṣọ̀n níwájú, irú èyí tí iléeṣẹ́ Peloton ti Amẹ́ríkà sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká ni. Ọdún 2012 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Iná ló ń lò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni olùkọ́ ti ń kọ́ni. Owó oṣooṣù la sì ń san kí ẹ̀kọ́ náà tó wọlé. Àjọkẹ́, ṣé iná àdúgbò wa lo fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé? Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló tún ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí àtiyí ẹsẹ̀? Ra èyí tó ní mítà kékeré tó ń lo bátìrì irú ti aago ara ògiri. Bí o bá fẹ́ wo olùkọ́, gbé fóònù rẹ ka ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Kí o sì mọ̀ pé iye kálórì tí mítà yẹn bá kọ, àfojúdá ni. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ béèrè bí o ṣe wúwo tó.

Jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ bíi mẹkáníìkì. Nígbà tí mo ń tún kírénì ṣe ní èbúté Àpápá, ṣáájú kí wọ́n tó kó o fún àwọn aládàáni ní 2006, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò lára ohunkóhun tó bá ń yí ni ohun tó ń dá a dúró. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ yìí. Nínú ọ̀kan, pádì ló ń tẹ wíìlì bí bíréèkì ṣe ń ṣe. Owó rẹ̀ kéré, àmọ́ pádì náà ń jẹ, ó ń dún, ẹ ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Nínú èkejì, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń fa wíìlì náà sẹ́yìn láìfara kàn án. Ohun tí kò bá fara kan ara kì í jẹ, kì í sì í pariwo. Ìwọ tí yàrá rẹ fara ti ti aládùúgbò, tí o sì fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó jí, mágínẹ́ẹ̀tì ni kí o rà. Kó jẹ́ bẹ́líìtì ló ń yí i, kì í ṣe ṣéènì, torí pé ṣéènì á máa béèrè epo, á sì máa kán an sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ. Kí wíìlì inú rẹ̀ sì wúwo dáadáa. Èyí tó bá fúyẹ́ á máa ta ọ́ lẹ́sẹ̀, kò ní yí geere.

Má ra kẹ̀kẹ́ tí ìdí rẹ kò tíì kàn. Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ìdárayá wà ní sàkání pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè. Lọ síbẹ̀, kí o gun ún lójú wọn. Fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ nà tán, kí ìdí rẹ má sì yẹ̀ lórí ìjókòó. Bí o bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún gan-an, orúnkún á ká díẹ̀. Díẹ̀ yẹn là ń wá. Bí ìjókòó bá relẹ̀ jù, iwájú orúnkún ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Bó bá ga jù, ìbàdí á máa fì sọ́tùn-ún sósì. Ìwọ kúrú, ọkọ rẹ ga, nítorí náà ihò tí wọ́n ń ki píìnì ìjókòó bọ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ tó fún ẹ̀yin méjèèjì. Ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú, kí o wo ìwọ̀n èèyàn tó lè gbé. Bí wọ́n bá kọ 100 kg síbẹ̀, ó ti tó fún ọ, àmọ́ ọkọ rẹ kì í ṣe èèyàn kékeré, mi ò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú lẹ́tà.

Tòkunbọ̀ kò burú. Irin èyí tí àwọn jíìmù ìlú òyìnbó lò tì sábà máa ń nípọn ju ti ọ̀pọ̀ tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Kìkì pé afẹ́fẹ́ òkun wà nídìí ọ̀rọ̀ wa níbí. Fa òpó ìjókòó jáde, kí o tan iná fóònù wo inú ihò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìpata ń sá pa mọ́ sí. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun lọ́dà, fi sílẹ̀ fún ẹni tó kùn ún.

Èyí tí wíìlì ńlá rẹ̀ wà níta gbangba, tí wọ́n ń lò ní jíìmù, kò bá ilé rẹ mu. Wíìlì rẹ̀ àti pẹ́dàlì jọ ń yí ni. Bí o bá fẹ́ dúró lójijì, á ṣì máa gbé ẹsẹ̀ rẹ lọ, àfi bí o bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọmọ rẹ tó máa ń fẹ́ ki ìka bọ fáànù, mi ò fẹ́ kí òun àti irú wíìlì bẹ́ẹ̀ jọ wà nínú yàrá kan. Èyí tí wọ́n fi ike bò ni kí o mú.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń bá èèyàn tò ó nílé kì í sábà sọ. Pẹ́dàlì ọ̀tún kì í ṣe ti òsì. Wo ìdí irin wọn, wàá rí R lára ọ̀kan, L lára èkejì. Ti ọ̀tún ń wọlé bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ti òsì, òdìkejì ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ á fi sípánà lọ ti òsì mọ́ ibi tí kò yẹ, á gbọ́ tó ń dún kín-ín-kín, á rò pé ó ti ń le. Tírẹ́ẹ̀dì ló ń jẹ dànù yẹn. Bó bá ti jẹ, pẹ́dàlì á máa já bọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ apá kẹ̀kẹ́ náà pátá. Ọwọ́ lásán la fi ń kọ́kọ́ yí i wọlé. Bó bá kọ̀, ẹ tú u, kí ẹ tún un mú.

Bó bá délé, má gbé e sí yàrá ìsàlẹ̀ tí omi máa ń wọ̀. Nu òógùn kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá gùn ún tán, iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin. Béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá bó bá ti fún ọ lóògùn. Fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe fún ọ láti máa bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, ìwọ̀n yẹn ló dára.

Bí o bá ti mọ Sátidé tí o fẹ́ lọ sí Sùúrùlérè, pè mí ní alẹ́ Jímọ̀. Mo ní sípánà 15 tó bá pẹ́dàlì mu, màá mú un dání. Jọ̀ọ́, má sanwó fún ẹnikẹ́ni kí n tó dé ibẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.