Àpótí Ìmọ̀: Ta Ló Ni Ẹ̀bùn Nobel Ṣóyínká?

Ní 1986, Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀. Àwọn kan ní òyìnbó ló fún un, èdè òyìnbó ló fi kọ̀wé, kí ló wá kan Yorùbá níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ wọn nítumọ̀ díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àgbà tó gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá kò lè ka ìwé wọ̀nyẹn. Àmọ́ ẹ wo inú wọn. Nínú eré Death and the King's Horseman (1975), Ẹlẹ́ṣin ló yẹ kó bá ọba Ọ̀yọ́ tó wàjà lọ. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó dí i lọ́wọ́, ni Olúńdé ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà nílùú òyìnbó, bá kú dípò rẹ̀. Ìlù ń sọ̀rọ̀, Ìyálọ́jà ń fi òwe na Ẹlẹ́ṣin lẹ́gba. Lórúkọ nìkan ló fi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ló ń ronú níbẹ̀. Ṣóyínká yìí náà ló túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968.

Ẹ̀bùn Nobel kọ́ ló sì sọ Ṣóyínká di òǹkọ̀wé: láti 1960, ọdún òmìnira, ni eré rẹ̀, A Dance of the Forests, ti dé orí ìtàgé. Fágúnwà fúnra rẹ̀ kò gba Nobel rí, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kéré. Torí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Alímọ̀ṣọ́, tíátà ìjọba Èkó wà ní Ìgàndó nítòsí yín. Ẹ ní kí olùkọ́ yín jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe eré Ẹlẹ́ṣin níbẹ̀, lédè Yorùbá.