Pípín Owó Ìjọba láàárín Onírúurú Eré Ìdárayá

Nígbà tí baálé ilé kan bá ní ọmọ púpọ̀, tí iṣu tí ó wà nínú abà rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ọjọ́ tí yóò pín iṣu náà ni a ó mọ̀ bóyá olódodo ni. Àkọ́bí yóò wí pé òun ni àgbà. Èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ jù lóko yóò wí pé ọwọ́ òun ni iṣu ti wá. Àbíkẹ́yìn yóò wí pé ebi ń pa òun ju àwọn yòókù lọ. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n iṣu kan náà ni gbogbo wọn ń wò.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn rí láàárín ìjọba Nàìjíríà àti àwọn tí ń ṣe eré ìdárayá. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, eré sísá, ìjàkadì, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ gígùn àti irin gbígbé, àpò kan náà ni gbogbo wọn ń na ọwọ́ sí. Owó ará ìlú ni ó wà nínú àpò náà. Nítorí náà, bí a ó ti pín in kì í ṣe ọ̀ràn àwọn olùfẹ́ eré nìkan. Ọ̀ràn gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ni.

Àwọn kan wí pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ó yẹ kí ó gba èyí tí ó pọ̀ jù. Ìdí wọn kò ṣòro láti mọ̀. Bí ènìyàn bá dé abúlé tí ó jìnnà jù, yóò bá àwọn ọmọdé níbẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà bá ń wàákò pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn, ọjà a máa dá. Haúsá, Ígbò àti Yorùbá a jókòó ti ara wọn níwájú amóhùnmáwòrán kan ṣoṣo, wọn a sì gbàgbé ohun tí ó ń fa ìjà láàárín wọn. Wọ́n ní ohun tí ó lè so ènìyàn pọ̀ báyìí kì í ṣe ohun tí ìjọba ń ṣahun sí. Wọ́n tún wí pé ará ìlú ni ó ni owó; bí ó bá sì jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn, kí owó wọn tẹ̀lé ìfẹ́ wọn.

Àwọn tí ó wà ní òdì kejì kò wí pé irọ́ ni èyí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a wo iṣẹ́ tí olúkúlùkù ti ṣe. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ fún Nàìjíríà nínú ìdíje Òlíńpíìkì kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Akànṣẹ́ ni, Nojim Maiyegun, ẹni tí ó gba idẹ ní Tokyo ní ọdún 1964. Ní Atlanta, ní ọdún 1996, wúrà méjì ni Nàìjíríà gbà. Obìnrin kan ṣoṣo, Chioma Ajunwa, ni ó gba ọ̀kan, nígbà tí ó fò jìnnà ní mítà 7.12. Odindi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni ó gba èkejì, nígbà tí wọ́n fi ayò 3 sí 2 borí Ajẹntínà. Nínú àkọsílẹ̀ ìdíje náà, wúrà kan ni ti obìnrin yìí, wúrà kan náà sì ni ti gbogbo ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ó di ìdíje Tokyo tí a ṣe ní ọdún 2021, àwọn agbábọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ yege láti lọ. Ṣùgbọ́n Blessing Oborududu gba fàdákà nínú ìjàkadì, Ese Brume sì gba idẹ nínú fífò jìnnà. Ní London, ní ọdún 2012, àwọn eléré tí ara wọn pé lọ sí Òlíńpíìkì, wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Àwọn aláàbọ̀ ara tí ó lọ sí ìdíje tiwọn lẹ́yìn wọn gba àmì ẹ̀yẹ 13, wúrà 6 sì wà nínú rẹ̀.

Wọ́n tún rán àwọn ènìyàn létí pé bọ́ọ̀lù ní alábàárò púpọ̀. Àjọ FIFA a máa san owó fún orílẹ̀-èdè tí ó bá dé ìdíje Ife Àgbáyé, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá a sì máa du ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lára aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ta ni ń du aṣọ oníjàkadì? Bí ìjọba kò bá ràn án lọ́wọ́, kò sí ẹlòmíràn. Ní Paris, ní ọdún 2024, Ese Ukpeseraye tí ń gun kẹ̀kẹ́ fún Nàìjíríà rí àyè nínú ìdíje inú pápá ìgunkẹ̀kẹ́. Lóòótọ́, àyè náà dé lójijì. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí ó bá ìdíje náà mu kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ará Jámánì ni ó sì yá a ní tiwọn. Tobi Amusan náà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ó sá eré onígi ti mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní ọdún 2022, tí ẹnikẹ́ni kò sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà, yunifásítì kan ní Texas ni ó ti gba ẹ̀kọ́ tí ó sọ ọ́ di ọ̀gá. Àwọn àgbà wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ eléré Nàìjíríà ni ó jẹ́ pé òde ni wọ́n ti ń kó o wálé.

Ṣé kí ìjọba máa fi owó tẹ̀lé àmì ẹ̀yẹ nìkan, nígbà náà? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dán èyí wò. Wúrà kan ṣoṣo ni wọ́n gbà ní Atlanta ní ọdún 1996. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó tẹ́tẹ́ orílẹ̀-èdè wọn kún ti ìjọba, àjọ kan tí ń jẹ́ UK Sport sì ń pín in: eré tí ó bá lè gba àmì ẹ̀yẹ ni ó ń rí owó, èyí tí kò bá lè gbà á ni a ń gé tirẹ̀ kúrò. Ètò náà so èso, nítorí wúrà 27 ni wọ́n gbà ní Rio ní ọdún 2016. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí ó pa lára. Ní ọdún 2014, a gé owó bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni eré náà sì jẹ́ eré tí ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ní àwọn ìlú ńlá ń ṣe. Àwọn tí ń fi ẹṣin díje àti àwọn tí ń wa ọkọ̀ ojú omi sì ń gba tiwọn lọ. Ní òpin ọdún 2016, a gé ti àwọn aláàbọ̀ ara tí ń fi kẹ̀kẹ́ arọ gbá bọ́ọ̀lù rọ́gbì. Àwọn wọ̀nyí wá owó kiri lọ́dọ̀ àwọn onínúure, wọn kò sì jáwọ́. Ní Tokyo, ní ọdún 2021, wúrà ni wọ́n gbà. Ẹni tí ó wí pé igi náà kò lè so mọ́ ti gé e kí àkókò èso rẹ̀ tó dé. Àjọ náà fúnra rẹ̀ yí ìlànà rẹ̀ padà díẹ̀ ní òpin ọdún 2020, ó sì fi owó sílẹ̀ fún àwọn eré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí.

Nínú gbogbo èyí, ó hàn pé òdodo kì í ṣe kí a fún gbogbo eré ní iye kan náà. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Ohun tí yóò tó asáré láti ra bàtà kò lè ra ọkọ̀ fún awakọ̀ ojú omi; kò sì sí ẹni tí yóò bá ìjọba Nàìjíríà wí pé kò lo owó ribiribi lórí eré orí yìnyín ní ilẹ̀ tí yìnyín kò sí. Ṣùgbọ́n àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò ní. Ó yẹ kí gbogbo eré tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ń ṣe ní ti gidi ní ìpìlẹ̀ kan tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: pápá, olùkọ́ àti ohun èlò. Lórí ìpìlẹ̀ yìí, kí iṣẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí ọmọ tí ó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Kí a sì wò bóyá eré náà ní ibòmíràn tí ó ti ń rí owó, kí a má baà máa bu omi kún ìkòkò tí ó ti kún nígbà tí òmíràn gbẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ìjọba kéde iye tí eré kọ̀ọ̀kan gbà, kí ẹni tí ó gbà á sì jíyìn. Pípín tí a ṣe ní kọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ tọ́, ìfura ni yóò bí.

Ohun kan ṣì kù. Ní ọdún 2025, nígbà tí àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, Ààrẹ Tinubu fi owó náírà tí ó tó 100,000 dọ́là ta olúkúlùkù wọn lọ́rẹ. Láìpẹ́, nígbà tí àwọn obìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gba tiwọn, iye kan náà ni ó fún wọn. Èyí dára, nítorí a kò gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí a fún aṣẹ́gun yàtọ̀ sí owó tí a fi ń wá ìṣẹ́gun. Ní ọdún 2016, àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù bákan náà gba ife ẹ̀yẹ dé, wọ́n sì ní láti fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá kí wọ́n tó rí ẹ̀tọ́ wọn gbà. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ Àbújá nìkan ni èyí, kí ó wo ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù tuntun mẹ́wàá bá wà fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí ọmọbìnrin tí ó lè fò jìnnà jù kò sì ní iyanrìn tí yóò balẹ̀ sí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí àwọn kan fi wí pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ó yẹ kí ó gba owó jù?
2. Àǹfààní àti ewu wo ni ó wà nínú ètò tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán wò?
3. Ṣe àlàyé òwe yìí bí a ti lò ó nínú àyọkà: "Ọmọ tí ó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé."
4. Kọ àròkọ lórí bí ìwọ yóò ti pín owó eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ rẹ bí a bá fi í sí ọwọ́ rẹ.