Koríko Iwájú Ilé Nígbà Ooru ní Houston: Ẹ Gbé Abẹ Ẹ̀rọ Sókè, Ẹ Dín Omi Kù

Ooru oṣù keje ti dé sí Houston, koríko St. Augustine sì ti ń pọ́n káàkiri, láti Alief títí dé Katy. Bí ọ̀pọ̀ onílé bá ti rí i báyìí, ẹ̀rọ ìbomirin ni wọ́n ń sáré yí sí ojoojúmọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Kì í ṣe gbogbo koríko tó pọ́n ni òùngbẹ ń gbẹ. Ibi tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní chinch bug bá ti ń fa oje koríko mu, bí ẹ da odò sí i, kò ní tún tutù. Owó omi nìkan ni yóò máa gòkè.

Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ kò ní ná yín ní nǹkan kan. Ẹ wá agolo ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń rọ kọfí sí, kí ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ níbi tí koríko tútù ti pàdé èyí tó pọ́n. Ẹ má lọ sí àárín ibi tó ti kú, nítorí kòkòrò náà ti kúrò níbẹ̀. Ẹ rọ omi kún un, kí ẹ sì máa bù sí i bí ilẹ̀ bá ṣe ń fà á, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Bí chinch bug bá wà níbẹ̀, yóò léfòó: èyí tó ti dàgbà dúdú, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ọmọ rẹ̀ pupa, ó sì ní ìlà funfun kan lẹ́yìn. Wọ́n kéré gan-an, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Etí kọnkéré tí mọ́tò ń gbà wọlé àti ibi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀ látàárọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọlù. Bí ẹ bá rí wọn, ibi tí wọ́n wà àti ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ yí i ká ni kí ẹ fín oògùn sí, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀. Bí agolo kò bá mú nǹkan kan jáde, ẹ yẹ bí ẹ ṣe ń gé koríko àti bí ẹ ṣe ń bomi rin ín wò.

Púpọ̀ nínú wa ni wọ́n tọ́ dàgbà pé koríko kò gbọdọ̀ ga lágbàlá nítorí ejò. Ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n St. Augustine kì í ṣe igbó tí à ń ṣán. Ẹ ń gé e kanlẹ̀, ẹ tún ń ra omi àti ajílẹ̀ láti fi wo ọgbẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín dá sí i lára. A ti ń sọ èyí bọ̀ tipẹ́, a óò sì tún sọ ọ́: ẹ gbé abẹ ẹ̀rọ sókè sí íǹṣì 3 sí 4. Koríko tó bá ga tó bẹ́ẹ̀ ń ṣíji bo ilẹ̀ ara rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jìn, èpò kò sì rí oòrùn tí yóò fi hù. Ẹ má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí íǹṣì 3 lẹ bá fẹ́, ẹ gé e kó tó kọjá 4 àti ààbọ̀. Ẹ pọ́n abẹ náà kó mú dáadáa. Abẹ tó kú ń fa ewé ya ni, orí koríko á funfun, àrùn á sì ráyè wọlé. Owó pípọ́n rẹ̀ kò tó nǹkan, ó kàn sinmi lé ibi tí ẹ bá gbé e lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń sanwó fún àwọn tó ń gé e ni, ẹ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Koríko íǹṣì 4 tó dọ́gba, tí etí rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò jọ igbó lójú ẹnikẹ́ni.

Ẹ má kó koríko tí ẹ gé sínú báàgì mọ́. Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Yunifásítì Texas A&M ti ń wàásù èyí tipẹ́ lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Don't Bag It. Bó bá ti jẹrà tán, ó lè dá nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin náítírójìn tí koríko ń lò lọ́dún padà sílẹ̀. Ajílẹ̀ tí ẹ kò ní rà nìyẹn.

Ó wá kan omi. Íǹṣì 1 lọ́sẹ̀ ti tó, bí òjò bá sì ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ. Lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, íǹṣì kan péré jẹ́ gálọ́ọ̀nù 623. Ẹ wo iye tí ẹni tó ń bomi rin ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin èyí lójoojúmọ́ ń dà sọ́nà. Ẹ to òfìfo agolo ẹja bíi mẹ́fà káàkiri, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì wo iye ìṣẹ́jú tó gbà kí omi tó ga ní ìdajì íǹṣì nínú wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú yẹn ni kí ẹ lò nígbà méjì lọ́sẹ̀. Ẹ mọ ilẹ̀ amọ̀ wa níhìn-ín, kì í tètè fa omi mu. Nítorí náà, bí omi bá ti ń ṣàn lọ sí gọ́tà, ẹ pa ẹ̀rọ fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà kí ẹ tún un tàn títí ìṣẹ́jú yẹn yóò fi pé. Ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ni kí ẹ ṣe é. Omi ìrọ̀lẹ́ máa ń sùn sára ewé, àrùn sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ewé bá ká, tí àmì ẹsẹ̀ yín kò sì tètè parẹ́ lórí rẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nìyẹn. Níbi tí ìlú yín bá ti ka ọjọ́ ìbomirin léèwọ̀, òfin ìlú ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ fetí sí èyí o, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti pàdánù gbogbo koríko wọn. Àpò ajílẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ oògùn apèpò, tí atrazine wà nínú rẹ̀, ẹ má fọ́n ọn nínú ooru yìí. Tí ooru bá ti kọjá 85 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, oògùn náà lè jó St. Augustine fúnra rẹ̀, ó sì ń ṣe gbòǹgbò igi tó wà nítòsí léṣe. Àní ajílẹ̀ lásán tí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ títí ooru yóò fi rọ̀. Ewé múlọ́múlọ́ tó ń mú jáde ni chinch bug ń wá kiri, òun náà ni àrùn àbààwọ́n eérú ń mú. Kí ẹ tó ra ajílẹ̀ kankan, ẹ fi erùpẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ilẹ̀ Texas A&M. Owó rẹ̀ kò sábà ju ti àpò ajílẹ̀ kan lọ.

Ọ̀rọ̀ fall armyworm náà wà níbẹ̀. Kòkòrò tó dé Nàìjíríà ní 2016, tó ba àgbàdo jẹ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà níhìn-ín ló ti wá, ó sì máa ń jẹ koríko iwájú ilé. Ṣùgbọ́n ewé ló ń jẹ. Bí gbòǹgbò bá lágbára, koríko máa ń hù padà, nítorí náà ẹ má fi ìbẹ̀rù ra oògùn.

Fún ibi tó ti kú pátápátá, ẹ má tíì ra koríko pẹlẹbẹ nínú oṣù yìí. Ẹ dúró di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. St. Augustine ń rá lórí ilẹ̀ bí ìtàkùn ọ̀dùnkún, èyí tó ń rá bọ́ sórí kọnkéré yín sì ni irúgbìn yín. Ẹ gé e pẹ̀lú gbòǹgbò, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan síra wọn, kí ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ tutù títí yóò fi mú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi agolo tí ẹ gé ìdí rẹ̀ yẹn yẹ ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó gbìn ín. Bí chinch bug bá ṣì wà níbẹ̀, orí èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ni yóò kó sí.