Orí Kẹfà: Ta Ni "Wọ́n" Nínú "Wọ́n Ní"?

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2014, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri Nàìjíríà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, ọmọ ń pe ìyá, àna ń pe àna. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ dìde o! Wọ́n ní ká bu iyọ̀ sómi gbígbóná, ká fi wẹ̀, ká sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní òun ni kò ní jẹ́ kí Ebola mú wa."

Ẹ̀rù ń ba tọmọdé tàgbà nígbà náà. Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Ó kú ní ọjọ́ 25. Àrùn náà ti ran àwọn kan lára dókítà àti nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀. Kò sí oògùn kan tí ènìyàn lè nawọ́ sí pé òun ló ń wò ó. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín lásìkò bẹ́ẹ̀ pé iyọ̀ tó wà nínú agolo nílé ìdáná yín ló máa gbà yín là, ṣé ẹ ò ní bu iyọ̀ ni?

Ẹ fojú inú wò ó. Ìyá kan gbé korobá kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó da omi gbígbóná sí i, ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan, ó tún bu èkejì, ó fi orógùn rò ó. Ó jí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wẹ̀ fún wọn. Títí dé ibẹ̀, ara lásán ni iyọ̀ kàn. Lẹ́yìn náà ló bu omi iyọ̀ sínú ife. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti wọlé. Iyọ̀ tí a fi sọ́bẹ̀ dára fún ara, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù nínú omi mímu, ó máa ń fa omi ara gbẹ, ó sì máa ń dá kún àìsàn ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí wọ́n ń pè ní WHO, kéde ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ yẹn kan náà, pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀ tí àhesọ ní ó ń dáàbò boni. Ènìyàn mẹ́jọ ni Ebola pa ní Nàìjíríà kó tó kásẹ̀ nílẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà. Àwọn méjì yìí ò sí lára wọn. Àhesọ ló pa wọ́n.

Ẹ padà síbi ìpè òru yẹn, kí ẹ tún un kà. Ẹ fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ méjì yìí: *wọ́n ní*. Ta ni "wọ́n"?

Èdè wa ló fún ọ̀rọ̀ kékeré yìí lágbára. Bí bàbá bá ránni níṣẹ́, a ó ní, "Wọ́n ní kí o wá." Ọ̀wọ̀ nìyẹn. Bí ìròyìn bá sì já bọ́ láti ibi tí ẹnì kankan ò mọ̀, a tún ń sọ pé "wọ́n ní". Bí ìròyìn tí kò ní bàbá ṣe ń wọ agbádá àgbà wọlé wa nìyẹn. Ìgbà tí a bá fi máa mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan nínú agbádá náà, a ti kúnlẹ̀ kí i.

Àwọn àgbà sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo gba òwe náà gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó mu omi iyọ̀ ò ní ogún ọdún tí wọ́n fẹ́ fi dúró. Wọ́n nílò òtítọ́ kílẹ̀ tó mọ́.

Àwọn tó ń yẹ ìròyìn wò

Iṣẹ́ kan wà lóde òní, yíyẹ ìròyìn wò ni. Àjọ Africa Check bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà, lọ́dún 2012, wọ́n sì ṣí ọ́fíìsì sí Èkó lọ́dún 2016. Dubawa bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2018. Èdè Haúsá ni orúkọ yẹn, ohun tó túmọ̀ sí ni kí ènìyàn yẹ nǹkan wò. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa ń mú ọ̀rọ̀ tó ń jà rànyìn, wọ́n á pe ẹni tí àwọn ènìyàn ní ó sọ ọ́, wọ́n á wo ìwé ìjọba, wọ́n á tọpa fọ́tò débi tí wọ́n ti kọ́kọ́ yà á, wọ́n á wá kọ ohun tí wọ́n rí síta. Ó lè gbà wọ́n lọ́jọ́ kan, ó lè gbà wọ́n lọ́sẹ̀ kan. Irọ́ kì í dúró dè wọ́n.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ wọ iṣẹ́ náà. Nígbà ìbò ọdún 2023, àwọn tó ń yẹ ìròyìn wò ní Nàìjíríà lo ẹ̀rọ tí àjọ Full Fact ní London ṣe. Ẹ̀rọ náà máa ń ka ọ̀pọ̀ ìròyìn lẹ́ẹ̀kan, á sì ṣa àwọn gbólóhùn tó yẹ ní wíwádìí sọ́tọ̀, bí ìgbà tí a bá ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ènìyàn ló ṣì ń dá ẹjọ́. Dubawa náà ti ṣe ẹ̀rọ tí ará ìlú lè bi léèrè ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ní ilẹ̀ Taiwan, láti ọdún 2016, ẹ̀rọ kan wà tó ń jẹ́ Cofacts. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kan bá rú lójú á fi ránṣẹ́ sí i, àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì ń kọ èsì tí ẹ̀rọ á máa fi dáhùn.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ èsì? Ẹ ronú kan télọ̀ àdúgbò yín. Ó ní ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Bí oníbàárà àtijọ́ bá dé, á ṣí ìwé, á rí ìwọ̀n rẹ̀, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tuntun, ó di dandan kó fa téèpù yọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, ohun tó kọ́kọ́ ń wò ni bóyá ẹnì kan ti yẹ irú rẹ̀ wò rí. Bó bá rí i nínú ìwé, èsì á dé wéré. Bí kò bá rí i, á jẹ́ pé ó di dandan kó lọ wá ẹ̀rí. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹ̀rọ tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára.

Ohun tí àwa ará Ifákọ̀ ní Èkó máa béèrè

Ká sọ pé ẹ bi ẹ̀rọ kan nípa omi iyọ̀. Ó dáhùn pé: "Irọ́ ni. Ẹ má gbà á gbọ́."

Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, èsì yẹn ò tó. Ẹ̀rọ náà ti sọ "wọ́n ní" tirẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ fi "wọ́n" kan sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé "wọ́n" mìíràn. Bí àbúrò yín bá bi yín pé ta ló sọ ọ́, kí lẹ máa wí?

Ẹ wá wo èsì kejì yìí: "Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ, ọdún 2014, pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀. Ẹ tẹ ibí yìí kí ẹ ka ìkéde náà fúnra yín." Èyí lórúkọ, ó lọ́jọ́, ó sì ní ojú ọ̀nà tí ẹ lè tọ̀ lọ wò. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ò fi ẹnu kò lé lórí, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ tọ̀tún tòsì. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà.

Ohun kejì tí a máa béèrè ló ká mi lára jù. Ẹ kíyè sí i pé àhesọ iyọ̀ ti ń jà kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 15. Ẹni tó bá bi ẹ̀rọ léèrè ní aago mẹ́rin òru yẹn, ìwé ẹ̀rọ ò tíì ní nǹkan kan nínú. Kí ló yẹ kó sọ? Ó yẹ kó sọ pé: "Mi ò tíì rí ẹni tó yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ohun tó dájú ni pé Ebola máa ń ràn bí ènìyàn bá fara kan ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí omi ara ẹni tó ní in. Ẹ má mu omi náà títí ẹ ó fi bi òṣìṣẹ́ ìlera." Irú èsì bẹ́ẹ̀ á ti gba ẹ̀mí là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "mi ò tíì rí" ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ ayé òde òní tó ń kọ̀wé bí ènìyàn kì í sábà fẹ́ sọ "mi ò mọ̀". Bí kò bá rí ẹ̀rí, ó lè hun gbólóhùn dídùn jọ, kó tilẹ̀ dárúkọ ìwé tí ẹnì kankan ò kọ rí. Mo ka àṣìṣe yìí sí èyí tó burú jù lọ, nítorí ẹni tí ẹ lọ bá pé kó bá yín mú olè ló wá ń jalè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bó bá jẹ́ pé ẹni tó bi mọ̀nà, tàbí tó lójú láti sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ibi tí à ń gbé àti èdè tí à ń sọ. Ifákọ̀ mélòó ló wà ní Èkó? Tiwa wà ní Kosofe, nítòsí Gbàgádà. Òmíràn wà lọ́nà Agége, èyí tí wọ́n fi sọrí ìjọba ìbílẹ̀ Ifákọ̀-Ìjàyè. Bí ẹnì kan bá fi ránṣẹ́ pé ilé wó ní Ifákọ̀, ẹ̀rọ tí kò mọ Èkó lè lọ wo ọ̀kan, kó fi dáhùn fún èkejì. Ajégúnlẹ̀ náà kì í ṣe ibì kan ṣoṣo: ọ̀kan wà lápá Àpápá, òmíràn wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, lẹ́yìn Mile 12. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, Odò Ògùn kún dé Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú yìí, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé. Bí ẹnì kan bá gbé fídíò ọdún yẹn jáde lónìí tó ní "omi ti gba Ajégúnlẹ̀ lówùúrọ̀ yìí", àwòrán náà kì í ṣe ayédèrú. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni irọ́. Ẹ̀rọ tó bá kàn ń sọ "òótọ́" tàbí "irọ́" ò ní lè la irú èyí yé wa.

Lórí fóònù, ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́ pé "Oko jona ni Mile 12." Ṣé ọkọ̀ ló jóná ni, àbí oko? Ará Kétu tó bá kà á mọ̀ pé ọkọ̀ ni, nítorí ọjà ló wà ní Mile 12, kò sóko níbẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi bí wọ́n bá fi Yorùbá kọ́ ọ dáadáa. Ìyá aláta kan tó wà nídìí apẹ̀rẹ̀ tòmátì kò tilẹ̀ ráyè tẹ ohunkóhun. Ọwọ́ kan ń dì í fún oníbàárà, èkejì ń gba owó. Ohùn ni àhesọ fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ohùn ló sì yẹ kí wọ́n fi bi ẹ̀rọ, kí èsì sì padà wá ní ohùn, ní Yorùbá, láìjẹ wọ́n ní dátà púpọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi èdè Òyìnbó dáhùn ìbéèrè tí wọ́n fi Yorùbá bi í, àwọn tí àhesọ ń pa lára jù ni kò lè ràn lọ́wọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé òtítọ́ àti irọ́ lọ́ mọ́ra nínú wọn. Nínú oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ààrẹ Amẹ́ríkà yin oògùn chloroquine. Àwa mọ chloroquine dáadáa, oògùn ibà àtijọ́ tó ń mú kí ara yúnni ni. Àwọn kan ní Èkó lò ó lálòjù, wọ́n sì bá ara wọn ní ọsibítù. Òótọ́ ni pé oògùn ni. Òótọ́ ni pé ààrẹ sọ ọ́. Kò sì sí ẹ̀rí nígbà náà pé ó ń wo Kòrónà. Ẹ̀rọ tó yẹ ká gbẹ́kẹ̀ lé á tú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tó mọ̀ pé méjì àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́ ò ní gba ẹni tó bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórúkọ irọ́.

Bí ẹ̀rọ bá sì ṣàṣìṣe, kó jẹ́wọ́, kó wá gbogbo ẹni tó ti fún ní èsì yẹn rí, kó sọ àtúnṣe fún wọn. Kó má sì ta nọ́ńbà fóònù wa fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ ilé yín rèé. Kí ẹ tó wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ wá ìròyìn kan lórí fóònù yín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "wọ́n ní". Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ẹ fi àmì ohùn sí i. Ẹ wádìí ẹni tó ń jẹ́ "wọ́n", kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ náà sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i, kó kọ "mi ò tíì rí i", kó má sì fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.