Omi Rédíétọ̀ Kì í Ṣe Omi Lásán

Gbogbo wa la ti rí bọ́ọ̀sì tó dúró lójú ọ̀nà, tí ooru funfun ń ru túú lára ẹ́ńjìnnì, tí kọ̀ńdọ́ ń sáré wá omi kiri. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí kúláǹtì, pàápàá ti ọkọ̀ tó ń lo dísù.

IṢẸ́ TÓ Ń ṢE
Kúláǹtì ló ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Á gba inú họ́ọ̀sì lọ sí rédíétọ̀, fáànù á fẹ́ ẹ, á tutù, á tún padà. Ìdajì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ omi, ìyókù jẹ́ ethylene glycol àti àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà.

Ẹnì kan á ní, "Ṣebí omi náà ni? Ẹ rọ omi kànga sí i jàre." Rárá o! Ẹ wo inú kẹ́tùrù ilé yín: èèpá funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn, inú omi ló ti wá. Bó ṣe máa dí ihò rédíétọ̀ nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísù ńláńlá, ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì tún máa ń jẹ́ kí omi yọ ìfóófòó kéékèèké tó ń bẹ́ mọ́ irin, tó sì ń lu ú níhò díẹ̀díẹ̀. Èròjà inú kúláǹtì ló ń dáàbò bò ó. Èròjà yìí máa ń tán bó bá pẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ kúláǹtì bí kò tiẹ̀ jò.

BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ RẸ̀
1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kó tutù pátápátá. Ìdérí rédíétọ̀ tó dára ń ti omi mọ́lẹ̀ débi pé ó lè gbóná tó 120°C láì hó. Bí ẹ bá ṣí i lójijì, á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á tú síni lójú.
2. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́, ẹ ṣí ibi tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀.
3. Ẹ fi omi distilled ṣan inú rẹ̀ títí èyí tó ń jáde á fi mọ́.
4. Ẹ pa ìsàlẹ̀ dé, ẹ rọra rọ irú kúláǹtì tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Ẹ má fi àwọ̀ yàn án. Àwọ̀ kò sọ irú tó jẹ́.
5. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fúngbà díẹ̀ kí ẹ tó dé ìdérí, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú lè jáde. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ fi kún un, kí ẹ wá dé e.

ÌKÌLỌ̀
Kúláǹtì máa ń dùn lẹ́nu, àmọ́ májèlé ni. Kídìnrín ló ń bà jẹ́. Ajá tàbí ọmọdé lè lá a. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò mínírà láé. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni kó wà, kí ẹ kọ MÁJÈLÉ sí i lára gàdàgbà. Ẹ má sì dá iṣẹ́ yìí ṣe láìsí mẹkáníìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

ÌBÉÈRÈ
(a) Kí ló dé tí a kì í ṣí rédíétọ̀ tó gbóná?
(b) Kí ni omi kànga ń fi sílẹ̀ nínú rédíétọ̀?
Ẹ ju ìdáhùn yín sínú àpótí Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn.