Tòkunbọ̀: Ta Ló Lọ, Ta Ló Bọ̀?

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní Kumasi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá, pásítọ̀ ń wàásù lórí sùúrù. Ó ní àwọn kan wà ní ìlú Òyìnbó tí ọkàn wọn kò kúrò lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́: wọ́n ń fi epo pa á lára, wọ́n ń wá ẹ̀yà rẹ̀ kiri bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Àpẹẹrẹ náà dùn mọ́ mi, àfi ibi tó ti pe ẹ̀rọ wọ̀nyí ní "ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀". Kò sí ohun tí mo gbọ́ mọ́ nínú ìwàásù yẹn.

Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀ kó tó di orúkọ ọjà. Ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun, tí wọ́n gbé wálé, ló ń jẹ́ ẹ. A sì lè fi Adé tàbí Ọlá ṣíwájú rẹ̀. Orúkọ wa kì í purọ́ nípa ọ̀nà. Ní November 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi Ghana sílẹ̀, ọ̀pọ̀ Yorùbá wọ mọ́tò, wọ́n gba Tógò àti Dahomey kọjá, ó di Ogbómọ̀ṣọ́, ó di Ọ̀fà, ó di Èjìgbò. Aboyún tó bá bímọ sójú ọ̀nà yẹn, Abíọ́nà ló bí. Kò sí Tòkunbọ̀ níbẹ̀.

Òkun nìyẹn. Bọ̀ ńkọ́? Àlejò lè máa bọ̀ lọ́nà o, ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, àlejò dé là ń wí. Ẹni tó ti lọ rí nìkan là ń wí pé ó bọ̀. Ohun tó so àlọ mọ́ àbọ̀ nìyẹn. Ní ti ọmọ tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀, àwọn òbí rẹ̀ ló ti ilé lọ, tí wọ́n sì gbé e bọ̀. Mọ́tò tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí wọ́n lò níbẹ̀ títí, tó wá sọ̀ ní èbúté Kútọnu, ìgbà wo ló ti ọ̀dọ̀ wa lọ? Ó dé ni, kò bọ̀. Àwọn ará Ghana ń pe irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní "home used". Ilé Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, wọn ò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1986 tí náírà já, tí mọ́tò tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́, ọjà yìí gbilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì bá a gbilẹ̀. Mo jà á títí ó fi rẹ̀ mí. Ní ti mọ́tò, táyà àti fìríìjì, tòkunbọ̀ ti borí, mo gbà.

N kò ní fi ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi kún un. Nítorí pé owó tuntun kò sí la ṣe ń ra tòkunbọ̀. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì Seagull, tí wọ́n ṣe ní Poole ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1996: okùn ni wọ́n ń wé mọ́ ọn lórí, tí wọ́n á fà á kó tó dún. Bolinder ti Sweden ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná ni wọ́n ń fẹ́ sí i lórí títí yóò fi gbóná, kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe wàhálà yìí lónìí lówó tó lè fi ra tuntun. Ohùn ẹ̀rọ yẹn ló ń wá. Àlòkù kò bá a mu, ògbólógbòó sì ti di ti olè.

Àgbà ẹ̀rọ ni mo ń pè é. Ní Suame Magazine, níbi tí àwọn fítà Kumasi ti ń fi ọwọ́ rọ ẹ̀yà tí ilé iṣẹ́ kò ṣe mọ́, mo bá ọ̀kan níwájú ẹ́ńjìnnì kan tó ti wà kí wọ́n tó bí i. Mo bi í pé kí ló ń pè é ní Twi. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ɔpanyin." Àgbà nìyẹn.