Owó Ìnṣọ́ránsì Wọlé, Ẹni Mẹ́rin Ti Ná An Tán

ÌBÉÈRÈ

Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Ìbàdàn, Akóbọ̀ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Lọ́dún 2022, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo fi ra Toyota Corolla kan. Ó ku 600,000 náírà tí mo jẹ wọ́n, wọ́n sì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù mi.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, òjò ń rọ̀, mo wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ìwó Road. Típà kan ṣàdédé gbá mi lẹ́yìn, ó tì mí lọ lu Micra tó wà níwájú mi. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú. Ọrùn ló kàn ro mí fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n búùtù ọkọ̀ mi wọnú, bọ́ńpà iwájú àti tẹ̀yìn fọ́, rédíétọ̀ sì ń jò.

Comprehensive ni ìnṣọ́ránsì mi. Iléeṣẹ́ náà rán ẹnì kan wá yẹ ọkọ̀ wò, ibi ìtọ́kọ̀ṣe ńlá kan sì kọ 1,800,000 náírà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, 1,390,000 ni wọ́n san sí àkáǹtì mi. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà wọn pé 4,000,000 ni mo pe iye ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ 5,000,000 ló ń jẹ́ lọ́jà. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi, mo ṣáà fọwọ́ sí i. Àbí wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ni?

Bí màá ṣe ná owó yìí ló wá di wàhálà. Mẹkáníìkì mi ní 800,000 péré lòun máa fi tún ọkọ̀ ṣe, kí n fi ìyókù san gbèsè alájẹṣẹ́kù. Ọkọ mi ní ká kó gbogbo rẹ̀ lé ilẹ̀ tí a ń san díẹ̀díẹ̀ ní Mọníyà, pé ọkọ̀ lè dúró de èèyàn, ilẹ̀ kì í dúró de èèyàn. Àbúrò mi tó wà l'Ékòó ní kí n ta òkú ọkọ̀ náà, òun ti rí ẹni tó máa san 2,000,000, kí n wá pa owó pọ̀ ra tòkunbọ̀ mìíràn. Ìyá ọkọ mi ní kí n má wọ ọkọ̀ náà mọ́, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fẹ́. Títí di báyìí, 2,400 náírà ni èmi àtàwọn ọmọ fi ń wọkọ̀ lójúmọ́.

Níjẹta ni ẹni tó ni típà náà tún wá bẹ̀ mí nílé, ó gbé 200,000 náírà dání. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò ná. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o, ẹ sì kú orí ire. Ìdí lẹ́tà yín ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹ ti dárúkọ onítípà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Òun gan-an ló lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti iléeṣẹ́ adójútòfò.

Ẹ má tíì gba 200,000 yẹn. Nígbà tí iléeṣẹ́ yín ti sanwó fún yín, ẹ̀tọ́ tí ẹ ní láti bi onítípà léèrè ohun tó bàjẹ́ ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n lè lọ bá a, tàbí kí wọ́n bá iléeṣẹ́ adójútòfò tirẹ̀, pé kó dá owó àwọn padà. Bí ẹ bá gba owó rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tí ẹ sì buwọ́ lùwé fún un pé ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ ti gé okùn mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn, wọ́n sì lè ní kí ẹ dá owó padà. Àdéhùn adójútòfò ni pé kí ọkọ̀ yín padà sí bó ṣe wà kí típà tó gbá a. Kò sí èrè níbẹ̀, kò sì yẹ kí ènìyàn gbowó ẹ̀ẹ̀mejì lórí bọ́ńpà kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, ẹ má lé onítípà lọ. 410,000 náírà wà tí wọn kò san fún yín nínú 1,800,000, ẹ̀yin lẹ sì ru ẹrù yẹn. Ẹ kọ lẹ́tà kékeré sí iléeṣẹ́ náà: ẹ kọ ọjọ́ tí ọkùnrin náà wá àti iye tó gbé wá, kí ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè gbà á lórí ohun tí wọn kò san. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, ẹ gbà á. Ẹ rí i pé rìsíìtì tí ẹ máa kọ fún un sọ bẹ́ẹ̀ gan-an, kò gbọ́dọ̀ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún ní kó mú ìwé third party rẹ̀ wá. Òfin ló sọ ìwé yẹn di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì, irú òfò tó ṣe yín yìí náà ló sì wà fún. Ẹ lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ yẹ ìwé náà wò lórí askNIID, ẹ̀rọ tí àwọn adójútòfò kó gbogbo ìwé ọkọ̀ sí. Ẹni tó bá gbé owó wọlé wá bẹ̀bẹ̀ tí kò mú ìwé wá, ẹ̀rù ìwé ara gíláàsì rẹ̀ máa ń bà mí. Ayédèrú ìwé tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ igi pọ̀ nígboro.

Ní ti ìrẹ́jẹ, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ pe ọkọ̀ tó ń jẹ́ 5,000,000 ní 4,000,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ọkọ̀ yín lẹ sanwó lé lórí, ẹ̀yin fúnra yín sì lẹ dúró gẹ́gẹ́ bí adójútòfò fún ìdá kan tó kù. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún 1,800,000 jẹ́ 1,440,000. Ẹ yọ 50,000 kúrò níbẹ̀, ó ku 1,390,000. Ẹ wo inú ìwé àdéhùn yín dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá 50,000 náà níbẹ̀, owó tí ẹni tó ni ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ fi àpò ara rẹ̀ gbé nínú ìjàǹbá kọ̀ọ̀kan. Wọn kò rẹ́ yín jẹ. Àwa tó ń tún ìwé ṣe lọ́dọọdún láìbéèrè iye tí ọkọ̀ ń jẹ́ là ń rẹ́ ara wa jẹ. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà ni owó tòkunbọ̀ ti gun òkè, bẹ́ẹ̀ iye àtijọ́ ló ṣì wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, mi ò ní purọ́.

Ó wá ku ẹni mẹ́rin tó ń bá yín náwó.

Ẹ bi àbúrò yín ní ìbéèrè kan: kí ni ẹni tó fẹ́ fi 2,000,000 ra òkú ọkọ̀ yín rí? Ó rí i pé bí òun bá kó 1,800,000 tí ibi ìtọ́kọ̀ṣe ńlá ń pè lé e lórí pàápàá, 3,800,000 ni gbogbo ìnáwó òun, lórí ọkọ̀ tó ń jẹ́ 5,000,000. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dín in lówó nítorí ó ti ní ìjàǹbá rí, èrè ṣì wà níbẹ̀. Èrè yín ni. Ẹ̀yin ní tiyín, 2,000,000 àti 1,390,000 jẹ́ 3,390,000, ẹ ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi dọ́là ka owó ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú kí n gbè sẹ́yìn àbúrò yín, màá sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ká ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni, tí ẹ fi ń lọ òde àríyá lọ́jọ́ Sátidé, ǹ bá ní kí ẹ gbé owó lọ sí Mọníyà. Ṣùgbọ́n 2,400 lójúmọ́, fún ọjọ́ 22 tí ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ lóṣù, jẹ́ 52,800. Bó bá di oṣù mẹ́wàá, ó ti di 528,000 tó wọ àpò onímáíkírà, láìka ojú òjò tí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ ń dúró sí. Bẹ́ẹ̀ alájẹṣẹ́kù kò ní dáwọ́ yíyọ owó dúró nítorí pé ọkọ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù. Ọkọ̀ dúró, gbèsè rẹ̀ ń rìn. Eku a máa jẹ wáyà inú rẹ̀, bátìrì a kú, ipata a sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí búùtù ti ya. Tí ẹ bá padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́yìn ọdún kan, kò ní pe 800,000 mọ́.

Mẹkáníìkì yìí ni ọ̀rọ̀ mi pọ̀ lé lórí. Mo ní Nissan kan nígbà kan tí wọ́n gbá lẹ́yìn bíi tiyín. Mo wá ẹni tó máa ṣe é ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà tó parí iṣẹ́, ọkọ̀ náà ń dán débi pé mo ń rí irùngbọ̀n mi lára búùtù. Kò pé oṣù mẹ́ta, táyà ẹ̀yìn ti jẹ tán lápá kan. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jẹ. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan tó ń tẹ̀ lé mi bọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sáré bá mi níbi tí mo ti fẹ́ ra epo, ó ní, “Bàbá, ọkọ̀ yín ń rìn bí akàn o. Iwájú rẹ̀ ń lọ sí Ọ̀yọ́, ìdí rẹ̀ ń lọ sí Ìṣẹ́yìn.” Ṣaasí ló ti tẹ̀. Pánẹ́bítà ti fi pọ́tì di ojú ibi tó ya, ó kun ọ̀dà lé e, kò sì fọwọ́ kan egungun rẹ̀ rárá. Owó tí mo padà ná sí i ju èyí tí mo sá fún lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú bọ́ńpà méjèèjì kúrò, kí wọ́n wọn ṣaasí. Kí ẹlòmíràn tí kò ní ṣe iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Bó bá ti tẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n lè fà padà dáadáa, àbúrò yín ló jàre, ẹ tà á, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún ẹni tó ń rà á. Bó bá dúró ṣinṣin, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín kọ ohun tó máa ṣe pẹ̀lú 800,000 sílẹ̀, kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ibi ìtọ́kọ̀ṣe ńlá. Ohun tó wà nínú ìwé kan tí kò sí nínú èkejì ni kí ẹ béèrè. Ó lè jẹ́ pé bọ́ńpà tuntun ni wọ́n kọ níbì kan, tí òun máa ra tòkunbọ̀ ní ọjà Àrárọ̀mí ní Gate. Ìyẹn dára. Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì ìjókòó, iná ẹ̀yìn tàbí irin tó gbé rédíétọ̀ dúró ló fò, ìyẹn kò dára. Bí iná airbag bá sì ń tàn níwájú yín, ẹ ní kí wọ́n wá ìdí rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iná yẹn nìkan ni wọ́n máa pa.

Ẹ yọ 250,000 sọ́tọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ti ní owó comprehensive kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a pe ọkọ̀. Lórí 5,000,000, 250,000 nìyẹn, òun ni ẹ máa fi tún ìwé yín ṣe, ní iye tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ku 1,140,000 fún ọkọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ra ẹ̀yà ara ọkọ̀, kí mẹkáníìkì bá yín lọ, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ìdá tó kẹ́yìn dúró títí ẹ ó fi wa ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí owó bá fẹ́ tán, ọ̀dà ni kí ó dúró. Corolla tí àwọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ oríṣi mẹ́ta ń gbé àwọn tíṣà mìíràn lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì ń débẹ̀.

Gbèsè alájẹṣẹ́kù, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Inú owó oṣù ló ti ń jáde, ó sì ń kéré sí i.

Ó ku ìyá ọkọ yín. Ẹ má bá wọn jiyàn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ náà lọ fún àláímẹ́ǹtì, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín lọ, kí wọ́n jókòó síwájú. Bí wọ́n bá tún ní ó ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí àwọn alálàáímẹ́ǹtì fi táyà ẹ̀yìn han màmá, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tó ń fẹ́.